Àwọn Tí Ń Ka Ẹyẹ Apẹranjẹ Lórí Hawk Mountain

Ẹyẹ apẹranjẹ ni àwọn ẹyẹ bí idì, àṣá àti àwòdì, tí wọ́n ń fi èékánná mímú àti àgógó ẹnu tó tẹ̀ pa ẹran jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ní ìhà àríwá ayé kì í dúró sójú kan yípo ọdún: bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, ìyẹn àsìkò láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá tí ewé igi ń pọ́n tó sì ń rẹ̀ dànù, wọn a gbéra lọ sí ìhà gúúsù. Oúnjẹ ni olórí ìdí tí wọ́n fi ń lọ, nítorí pé bí òtútù bá mú, kòkòrò, ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò a sá pamọ́, yìnyín a sì bo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dọdẹ.

Ẹyẹ tó wúwo kò lè máa ju apá láti ìbẹ̀rẹ̀ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ títí dé òpin kí okun rẹ̀ má tán, nítorí náà afẹ́fẹ́ ló ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Nígbà tí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa ti ilẹ̀ gòkè, ẹyẹ a sì na apá sínú rẹ̀, a máa yípo títí yóò fi ga dáadáa, lẹ́yìn náà ni yóò rọra lọ sí iwájú láìju apá, títí yóò fi bá afẹ́fẹ́ gbígbóná mìíràn pàdé. Ọ̀nà kejì ni pé bí ẹ̀fúùfù bá kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè, kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju kó ròkè lọ, ẹyẹ tó bá sì tọ ẹ̀gbẹ́ òkè náà lè rìn jìnnà lórí ẹ̀fúùfù yìí. Irú òkè gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ni Kittatinny, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, lórí èyí tí Hawk Mountain wà.

Ní ọdún 1929, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi dọ́là 5 lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá pa irú àṣá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní goshawk, torí pé wọ́n kà á sí ọ̀tá adìyẹ àti ẹran ìgbẹ́. Àwọn ọlọ́dẹ a wá jókòó sórí àpáta Hawk Mountain, wọn a máa yin gbogbo ẹyẹ apẹranjẹ tó bá kọjá níbọn, láìbìkítà irú èyí tó jẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Pough ya fọ́tò òkú ẹyẹ tí wọ́n tò sílẹ̀ bẹẹrẹ, nígbà tí Rosalie Edge, obìnrin ará New York kan, sì rí àwọn fọ́tò náà, ó háyà ilẹ̀ òkè náà ní ọdún 1934, ó sì gba Maurice Broun àti ìyàwó rẹ̀, Irma, láti máa ṣọ́ ọ. Broun kò fi mọ sí dídá ọlọ́dẹ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyẹ tó ń kọjá, ó sì ń kọ iye wọn sílẹ̀.

Kíkà náà kò rọrùn. Ní àárín oṣù Kẹsàn-án, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àṣá tí wọ́n ń pè ní broad-winged hawk lè máa yípo pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, tí ojú kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà olùkà a ní sùúrù títí wọn yóò fi máa jáde lókè lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra, ìgbà náà ni yóò tó kà wọ́n. Ère òwìwí tí wọ́n gbé sórí ọ̀pá lórí àpáta náà tún ń ran olùkà lọ́wọ́: ẹyẹ apẹranjẹ kò fẹ́ràn òwìwí rárá, àwọn àṣá kéékèèké a sì máa já ṣòòrò wá bá a, débi pé olùkà a rí ilà àyà wọn kedere.

Àǹfààní iṣẹ́ yìí hàn lẹ́yìn tí oògùn apakòkòrò DDT gbòde. Oògùn náà ń ti ara kòkòrò àti ẹja wọ inú ẹyẹ, ó sì ń sọ èèpo ẹyin di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò fi fọ́ kí ọmọ tó jáde. Orí idì Amẹ́ríkà kì í funfun títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún 5, nítorí náà olùkà lè mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Ní ọdún 1957, ọmọ idì 1 péré ni wọ́n rí fún àgbà 32. Òǹkọ̀wé Rachel Carson lo àkọsílẹ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, tó jáde ní ọdún 1962, nígbà tó sì di ọdún 1972, Amẹ́ríkà fòfin de DDT. Idì náà pọ̀ padà débi pé ní ọdún 2007, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹ̀dá tí ewu àparun wà lórí wọn ní orílẹ̀-èdè náà.

Àwọn ibòmíràn wà tí ẹyẹ ti ń kọjá ju ti Hawk Mountain lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè lórí omi òkun, èyí ló fà á tí àwọn ẹyẹ Yúróòpù fi ń rọ́ lọ sí Gibraltar àti Istanbul níbi tí omi ti tóóró. Lára wọn ni ẹyẹ kan tí ń tú ilé agbọ́n jẹ, tó ń lo ìgbà òtútù Yúróòpù nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ti Nàìjíríà.

Àwòdì pàápàá ń dé sí ilẹ̀ Yorùbá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń padà sí ìhà àríwá nígbà òjò. Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àgbẹ̀ tó bá ń kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i àti iye tó rí sílẹ̀, ní ojú kan náà lọ́dọọdún, ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ tí Broun ṣe. Ìwé àkọsílẹ̀ àti sùúrù nìkan ló ń gbà, ó sì yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.