Kọ̀ǹpútà Àkọ́rà fún Géèmù ní Manigri: Iná Ni Kí A Kọ́kọ́ Rò

Ìlú Manigri, ní agbègbè Bassila ní ẹkùn Donga lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, jìnnà sí àwọn ìsọ̀ Kútọnu tí a ti ń ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, ìjìnnà yìí sì ni ó yẹ kí ó darí ìpinnu ẹni tí ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí yóò máa fi gbá géèmù. Ohun tí ó bá bàjẹ́ ní Kútọnu, a lè rí òmíràn rà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bàjẹ́ ní Manigri yóò gba owó ọkọ̀, yóò gba àkókò, yóò sì gba pé kí ẹni tí a rán níṣẹ́ mọ ohun tí yóò rà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó yẹ ibẹ̀ ni èyí tí iná ibẹ̀ lè gbé, tí a sì lè tú láti pààrọ̀ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà alágbèéká, bí ó tilẹ̀ ní bátìrì tirẹ̀, kò fi dára tó kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún iṣẹ́ yìí.

Kí olùrà tó béèrè iye owó, kí ó kọ orúkọ géèmù tí ó fẹ́ràn jù sílẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe géèmù kọ̀ọ̀kan máa ń kéde ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní. Géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 24, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ mẹ́mọ́rì gígábáìtì 8, àyè ìpamọ́ gígábáìtì 100, àti káàdì àwòrán tí kò rẹlẹ̀ ju GTX 1050 Ti lọ. Káàdì àwòrán, tí àwọn olùtajà Kútọnu ń pè ní carte graphique, ni ó ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí: lórí síkírínì tí ó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, àmì tín-ín-tín tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 ni yóò kùn, yóò sì tún wọn kùn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kí eré tó lè máa lọ geerege. Síkírínì 4K ní ìlọ́po mẹ́rin àwọn àmì wọ̀nyí, kò sì sí ìdí tí ẹni tí ó ń ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fi ní láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí géèmù gígábáìtì 100 bá ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ní mẹ́gábíìtì 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìdáwọ́ dúró, yóò gbà tó wákàtí 22. Ó sàn kí a ti kó géèmù sínú ẹ̀rọ ní ìlú ńlá kí a tó gbé e wọ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sẹ́yìn, òun gan-an ni ó sì ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. Bí iná SBEE, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Bẹ̀nẹ̀, bá lọ tí ó sì padà dé lójijì, agbára rẹ̀ lè ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ìyẹn sì tó láti jó àpótí alimentation, èyí tí ó ń yí iná ògiri padà sí irú èyí tí inú kọ̀ǹpútà lè lò. Ohun tí ó ń dènà èyí ni onduleur, tí ó ní bátìrì kékeré nínú, tí yóò sì fún olùlò ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pa ẹ̀rọ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kí olùrà má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn án: onduleur tí a kọ 650 VA sí lára sábà máa ń gbé nǹkan bí wáàtì 360 péré. Ẹni tí ó ń lo iná oòrùn náà ní ìṣirò tirẹ̀: bátìrì fóòtì 12 tí ó jẹ́ 100 Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bátìrì olójé, ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kí a lò kí ó má baà tètè kú, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó ń jẹ wáàtì 200 yóò fi wákàtí mẹ́ta gbá géèmù lórí rẹ̀.

Láti inú ìṣirò yìí ni a ti lè yan ẹ̀rọ. Ọ̀nà kan ni Ryzen 5 5600G, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí ó jáde ní ọdún 2021, tí ó ní agbára àwòrán nínú ara rẹ̀, tí ìwọ̀n iná rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 65. Nítorí pé mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà náà ni ó fi ń ya àwòrán, mẹ́mọ́rì gígábáìtì 8 méjì tí a fi sí ojú ihò méjì yóò mú kí eré yá ju gígábáìtì 16 kan ṣoṣo lọ. Ìyàtọ̀ yìí hàn sí ojú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùtajà kì í sọ ọ́. Ọ̀nà kejì, tí ó dára jù fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, irú Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk, tí a fi káàdì GTX 1650 kún. Káàdì yìí, tí ó jáde ní ọdún 2019, ń jẹ wáàtì 75, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì ń gba gbogbo iná rẹ̀ láti ojú ihò tí a fi í sí, láìnílò wáyà mìíràn. Àléébù ibẹ̀ ni pé alimentation àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sábà máa ń ní ìrísí tirẹ̀ tí ti ọjà kò lè rọ́pò, nítorí náà kí olùrà ra ìkejì pa mọ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ó sì wọn inú àpótí, nítorí pé àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kò gba káàdì gíga. Kí ó tún yẹ ọjọ́ orí processor wò: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń fẹ́ Intel ìran kẹjọ sókè.

Bí 300,000 sẹ́fà bá ni ó wà nílẹ̀, bóyá lẹ́yìn títa kajú, kí a kọ́kọ́ yọ 60,000 sọ́tọ̀ fún onduleur àti alimentation, kí káàdì àwòrán má gba ju 100,000 lọ, kí a sì fi ìyókù ra kọ̀ǹpútà àti SSD tí a ó máa pa géèmù mọ́ sí, kí a sì fi san owó ọkọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé tí ó ní ihò HDMI lè ṣe síkírínì fún ọdún àkọ́kọ́.

Káàdì tòkunbọ̀ gba ìṣọ́ra. Nígbà tí Ethereum, irú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, yí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ rẹ̀ padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 tí kò sì nílò káàdì àwòrán mọ́, àwọn tí ń fi káàdì wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru kó wọn dà sí ọjà. Nítorí náà, kí olùrà jẹ́ kí géèmù ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí gbáko lójú olùtajà. Bí àmì aláwọ̀ méremère bá ń yọ lórí síkírínì tàbí bí àwòrán bá ń dúró lójijì, kí ó dá káàdì náà padà fún un.