Kí ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Àlàyé lórí àwọn atọ́ka jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun mẹ́ta tí wọ́n máa ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àti ohun tí wọ́n lè sọ fún wa nípa bí nǹkan yóò ṣe rí fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Jẹjẹrẹ tí mò ń sọ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì tètè rí: kókó kan ṣoṣo, tàbí kókó méjì sí mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, dókítà lè gé ibi tí kókó wà kúrò, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ náà pátápátá. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu ẹbí: ṣé ó ti tán? Ẹ̀jẹ̀ lè bá wa dá sí ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ tó yéni àfi tí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé.

Èdè Faransé ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní « marqueurs tumoraux ». Èèyàn lè túmọ̀ rẹ̀ sí “àmì jẹjẹrẹ”, ṣùgbọ́n tí a bá ní a rí àmì àrùn lára ẹnìkan, ohun tí etí ń gbọ́ ni pé àrùn náà ti wà lára rẹ̀. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀ níbí. Nítorí náà “atọ́ka” ni mo lò: ó ń na ìka sí ibì kan, àwa la óò lọ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn atọ́ka mẹ́ta

Èyí tó lókìkí jù ni AFP. Purotéènì ni, ẹ̀dọ̀ ọmọ tó wà nínú oyún ló sì ń ṣe é. Lẹ́yìn tí a bá ti bí ọmọ, ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní ju nánógíráàmù 10 lọ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Ní 1963, Abelev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mọ́síkò rí i pé ó tún fara hàn lára eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní 1964, Tatarinov rí i lára èèyàn. Ńṣe ló dà bíi pé ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn tún ń ṣe iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ láti ìgbà ọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló ń gbé AFP sókè. Ó ń ga lára aboyún, ó sì lè ga lára ẹni tí àrùn mẹ́dọ̀wú ń jà nínú rẹ̀ láìsí kókó kankan. Bákan náà, nǹkan bí ẹni 1 nínú 3 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni AFP rẹ̀ kò ga, pàápàá nígbà tí kókó ṣì kéré.

Atọ́ka kejì ni PIVKA-II, tí àwọn mìíràn ń pè ní DCP. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe purotéènì kan tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́, fítámìn K ló sì fi ń parí rẹ̀. Jẹjẹrẹ máa ń tú èyí tí kò parí jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Liebman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ ìwádìí jáde lórí èyí ní Amẹ́ríkà ní 1984. Ẹni tó bá ń lo oògùn warfarin, tàbí tí fítámìn K kò tó lára rẹ̀, lè ní PIVKA-II tó ga láìní jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ó yẹ kí aláìsàn sọ gbogbo oògùn tó ń lò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Atọ́ka kẹta ni AFP-L3. Ara AFP náà ni, ṣùgbọ́n òun ni apá tó máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà kan tí wọ́n ń yọ nínú irú ẹ̀wà kékeré tí àwọn Faransé ń pè ní « lentille ». A kì í ka iye rẹ̀ lásán, a máa ń wo ìdá tó jẹ́ nínú 100 gbogbo AFP. Bí ó bá tó 10 nínú 100, ìfura máa ń pọ̀ sí i pé jẹjẹrẹ náà yára, ó sì burú.

Ìwọ̀n kókó nìkan kò tó

Kókó méjì lè tóbi bákan náà lójú àwòrán, kí ìwà wọn sì yàtọ̀. Ọ̀kan lè dúró sójú kan. Èkejì lè ti ń yọ́ wọ inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tí ẹkógíráfì tàbí sikánà kò lè fi hàn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí wọ́n bá yẹ ẹran tí wọ́n gé wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, ni ojú yóò tó rí i. PIVKA-II tó ga kí wọ́n tó gé kókó sábà máa ń bá irú wíwọ òpó ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ rìn.

Ní Faransé, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin iṣẹ́. Duvoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò kan jáde ní 2012, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní 2013 láti mọ ẹni tí ẹ̀dọ̀ tuntun lè ṣe láǹfààní. Máàkì ni wọ́n ń fún ìtóbi kókó, iye kókó àti AFP. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò ju 2 lọ ni ewu kéré fún. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó kan ṣoṣo tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀. AFP ti àkọ́kọ́ jẹ́ 80: máàkì rẹ̀ jẹ́ 0. Ti èkejì jẹ́ 1 500: AFP nìkan ti fún un ní máàkì 3. Àwòrán kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàrin wọn. Ẹ̀jẹ̀ ló fi í hàn.

Kí wọ́n tó gé e, àti lẹ́yìn náà

Tí wọ́n bá ti gé gbogbo jẹjẹrẹ náà kúrò, AFP kì í pòórá lọ́jọ́ kan. Ó máa ń dín sí ìdajì láàrin ọjọ́ 5 sí 7. Ká ní ó jẹ́ 640 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ká sì fi ọjọ́ 6 ṣírò ìdajì kọ̀ọ̀kan: yóò di 320, 160, 80, 40, 20, kó tó di 10. Ọjọ́ 36 nìyẹn. Ẹni tó bá gba èsì 320 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ abẹ kùnà. Àmọ́ tí ó bá ṣì jẹ́ 320 lẹ́yìn oṣù méjì, jẹjẹrẹ ti ṣẹ́ kù níbì kan nìyẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá a.

Ibi tí àyẹ̀wò ìṣáájú ti wúlò nìyí. Ká ní AFP aláìsàn jẹ́ 6 nígbà tí kókó ṣì wà nínú rẹ̀. Tí ó bá tún jẹ́ 6 lẹ́yìn ọdún kan, kò fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ti ẹni yìí kì í ṣe AFP. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, PIVKA-II àti àwòrán ni kí wọ́n gbára lé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò ṣáájú, 6 yóò dà bí ìròyìn ayọ̀, aláìsàn yóò sì jókòó sílé.

Ilẹ̀ tí jẹjẹrẹ ti hù

Ewu pé kí jẹjẹrẹ padà wá pọ̀: láàrin ọdún márùn-ún lẹ́yìn gígé apá ẹ̀dọ̀, ó lè tó ìdá 70 nínú 100. Ọ̀nà méjì ló ń gbà padà. Èyí tó bá padà láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ irúgbìn ti àtijọ́ tó ti fọ́n ká kí wọ́n tó gé e. Irú èyí ni àwọn atọ́ka mẹ́ta yìí lè kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Èyí tó bá dé lẹ́yìn náà sábà máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ tuntun tó hù lórí ilẹ̀ àtijọ́, nítorí ẹ̀dọ̀ tó ti di àpá ṣì wà nínú ara.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó ń ba ilẹ̀ náà jẹ́ kò ṣàjèjì: mẹ́dọ̀wú oríṣi B, ọtí àmujù, àti aflatoxin, májèlé tó ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó ti bu. Nínú ìwádìí kan lórí àwọn ọmọdé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n rí ipasẹ̀ aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 nínú 100. Nítorí náà, ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B kò gbọdọ̀ pa oògùn fáírọ́ọ̀sì náà tì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí ó ń dín ewu ìpadàbọ̀ kù. Ó sì yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹni tí kò ní in gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ìparí

Èsì kan ṣoṣo kò tó nǹkan. Bí iye náà ṣe ń lọ sókè sódò ló ń sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n wọn AFP, àti PIVKA-II níbi tí ó bá wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àwòrán ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ní yàrá àyẹ̀wò kan náà bí ó bá ṣeé ṣe, torí ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí èkejì. Ará Kétu lè gba èsì kan ní Àjàṣẹ́, kó gba òmíràn ní Kútọnu, kó tún gba òmíràn ní Èkó. Kí ó kó gbogbo ìwé náà pọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, kí ó sì máa gbé wọn dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìwé àkọ́kọ́, èyí tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ni kò gbọdọ̀ sọnù.