Àkọ́rí Kì í Ṣe Àkọ́dé: Ẹ̀kọ́ Ọ̀rọ̀-Ìperí Lára Àfòpiná Kan ní Yúróòpù

Ó rọrùn fún atúmọ̀ èdè láti lo ìtànkálẹ̀ fún ibi tí ẹ̀dá kan ń gbé, kí ó sì tún lò ó fún bí ẹ̀dá náà ṣe ń ti ibì kan dé ibòmíràn. Èrò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí á fi àfòpiná kan, Cameraria ohridella, wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Àfòpiná yìí kò gùn ju nǹkan bí mìlímítà 5 lọ. Orí ewé igi Aesculus hippocastanum ni ó ń yé sí. Ìdin rẹ̀ a wọ àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé, a sì máa jẹ ẹ́ nínú, títí ewé náà yóò fi gbẹ tí yóò sì rẹ̀ ṣáájú àkókò.

Ní 1984 ni a ṣàkíyèsí rẹ̀ lẹ́bàá adágún Ohrid, ní Masidóníà. Deschka àti Dimić ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1986. Ní 1989 a rí i ní Austríà; nígbà tí ó di 2002, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Afẹ́fẹ́ ń gbé e, ọkọ̀ sì ń gbé e.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí lè rò pé 1984 ni kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé àwọn rí ìdin rẹ̀ nínú ewé kan tí a já ní Gíríìsì ní 1879, tí a tẹ̀ gbẹ tí a sì fi pamọ́. Ó ti wà lórí àwọn òkè Balkan, níbi tí igi náà ti ń lalẹ̀ hù, fún ọdún 105 ó kéré tán, kí ojú tó tó o ní Ohrid.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́ta ni a dábàá: àgbègbè-ibùgbé, fún ibi tí ẹ̀dá ń gbé, ìtànkálẹ̀, fún ìrìn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, àti àkọ́rí, tí a ṣẹ̀dá bí àkọ́bí àti àkọ́so, fún ìgbà tí ènìyàn kọ́kọ́ kófìrí rẹ̀ níbì kan.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán. Ibi tí kòkòrò ti pẹ́ ni a ti ń wá àwọn ẹ̀dá tí ó ń pa á jẹ. Bí ìwé wa bá pe àkọ́rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí kò yẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa wá wọn.