Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀: Ibo Ni Ayé Ti Dẹrùn Jù?

Níbi ìkómọ kan ní Ìdí-Ìrókò ni àwọn àna méjì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ọ̀kan wá láti Ìlaròó, èkejì wá láti Kétu, ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa lápá ìwọ̀-oòrùn. Ará Ìlaròó ní Nàìjíríà lówó ju Bẹ̀nẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ará Kétu ní owó ìlú ọ̀tọ̀, ìgbádùn ará ìlú ọ̀tọ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre, torí ohun tí oníkálukú ń wọ̀n yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ìgbé ayé orílẹ̀-èdè méjì wéra, kí ẹ lè máa wọ̀n ọ́n fúnra yín.

GDP ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ìyẹn ni iye owó gbogbo ohun tí wọ́n pèsè nínú ìlú láàárín ọdún kan: iṣu, epo rọ̀bì, aṣọ rírán, irun dídì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àpapọ̀ owó ìlú. Bí ọ̀nà ìṣirò bá yí padà, òun náà á yí padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Nàìjíríà tún ìṣirò tirẹ̀ ṣe, wọ́n ka fíìmù, òwò fóònù àti àwọn iṣẹ́ mìíràn tí wọn kì í kà dáadáa tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Àpapọ̀ owó ìlú wa fò láti nǹkan bí 270 bílíọ̀nù dọ́là sí nǹkan bí 510 bílíọ̀nù, a sì di àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹran inú rẹ̀ lé sí i lọ́jọ́ náà.

Ìkòkò ńlá sì kọ́ ni oúnjẹ púpọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹnu tó fẹ́ jẹun la ó kà. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pín àpapọ̀ owó ìlú sí iye orí. Àwa ju 200 mílíọ̀nù lọ; ní 2022, wọn ò ju nǹkan bí 13 mílíọ̀nù lọ ní Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2006 la ti ka ara wa kẹ́yìn, àwọn sì kà tiwọn ní 2013. Iye orí tí wọ́n ń lò báyìí, ìfojúdá ló wà nínú rẹ̀.

Owó náà kò tún ra ohun kan náà níbi gbogbo. Láti 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, mọ́ owó yúrò, 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan. Náírà kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó já wálẹ̀ lójijì ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bí ẹ bá fi dọ́là nìkan wọ̀n wá, ẹ ó rò pé apá ńlá nínú ohun ìní wa ló jóná mọ́jú. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń lo purchasing power parity, tí a ó pè ní agbára owó lọ́jà. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ kan náà lọ sọ́jà Ìlaròó àti ọjà Kétu, ẹ ra gàrí, tòmátò àti ọṣẹ níwọ̀n kan náà, kí ẹ wá wo iye tí ẹ ná lápá kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ènìyàn lè lówó kó máa ṣàìsàn. Ọmọ Pakistan kan, Mahbub ul Haq, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amartya Sen ọmọ Íńdíà, ló gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde ní 1990 lábẹ́ àjọ UNDP ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé: Human Development Index. Òṣùwọ̀n ìgbé ayé la ó máa pè é. Ààrò mẹ́ta ló gbé e dúró: ẹ̀mí gígùn, ẹ̀kọ́, àti owó tó ń wọlé fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Iye tó ń bẹ láàárín òdo sí ẹyọ kan ni wọ́n ń fún orílẹ̀-èdè. Wọn kì í kàn ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ o, ńṣe ni wọ́n ń sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra, torí ata púpọ̀ kò lè di àlàfo iyọ̀ tí kò sí nínú ọbẹ̀.

Ní 2022, Nàìjíríà gba 0.548, Bẹ̀nẹ̀ gba 0.504. Ará Ìlaròó á pàtẹ́wọ́. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká ṣí ìkòkò náà wò. Àgbàlagbà ní Nàìjíríà ti lo ju ọdún méje lọ nílé ìwé, ní ìpíndọ́gba. Ní Bẹ̀nẹ̀, kò tó márùn-ún. Ní ti owó, àwa náà la wà níwájú. Ẹ̀mí wá ńkọ́? Ọdún 53.6 ni ìpíndọ́gba ẹ̀mí ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Ní Bẹ̀nẹ̀, 60 ni. Àwa tí a lówó jù, tí a kàwé jù, àwa la tún ń tètè kú jù.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ ọdún 53 ni gbogbo wa ń kú. Ẹ mú ọmọ mẹ́wàá. Méjì kú lọ́mọ ọdún kan, mẹ́jọ tó kù pé 65. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́wàá: nǹkan bí 52 lẹ ó rí. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kú lọ́mọ ọdún 52. Ikú ọmọdé ló ń fa ìpíndọ́gba wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpíndọ́gba tún ń bo àṣírí mìíràn. Ayé Èkó kì í ṣe ayé Ṣókótó, ayé Kútọnu kì í sì í ṣe ayé àwọn ará àríwá Bẹ̀nẹ̀.

Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n mú ìbéèrè kan ṣoṣo, mi ò ní bèèrè owó. Ọmọ mélòó ló ń pé ọdún márùn-ún ni màá bèèrè, torí omi mímu, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ àti ọ̀nà tó dé ilé ìwòsàn ló wà nínú ìdáhùn rẹ̀. Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n ń bí ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí 80 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 100, àwọn mìíràn nínú wọn kì í sì í dé ọjọ́ ìkómọ.