Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Sípíkà iwájú mọ́tò

Ẹni tó bá ń wakọ̀ gba Kirikiri Lighter Terminal lọ sí Ajégúnlẹ̀ ní Èkó mọ bí ariwo tírélà ṣe ń gbé ohùn olórin mì. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ sípíkà iwájú, ẹ má jẹ́ kí 1000W ara páálí tàn yín o! RMS ni kí ẹ wò: agbára tí sípíkà lè gbé pẹ́ nìyẹn. Rédíò mọ́tò kì í sábà fún sípíkà kan ní ju nǹkan bí 20W lọ. Bí kò bá sí amplifier, ẹ wá èyí tí sensitivity rẹ̀ (bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ròkè tó lórí agbára kékeré) tó 90 dB.

Ẹ tú páálí inú ìlẹ̀kùn, ẹ wọn ihò tí sípíkà ń wọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì fi fóòmù dí etí ibi tí sípíkà jókòó sí. Ibẹ̀ gan-an ni báàsì ń gbà sá lọ.