Òṣíbàtà fún Àgbàlá Tó Ń Rí Oòrùn

Ìpìlẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe òṣíbàtà fún. Onímọ̀ ewéko Linnaeus sọ ọ́ ní Nymphaea lotus ní 1753, ṣùgbọ́n ó ti wà lójú odò Áfíríkà tipẹ́tipẹ́.

Ìdí tí a fi yàn án. Ọmọ onílẹ̀ ni, ó sì yẹ kó ṣáájú àlejò. Ẹni tó bá rò pé òdòdó òkèèrè ló lẹ́wà jù, kó rántí ewéko olódòdó àlùkò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó wọ omi Badagry ní 1984. Ẹwà rẹ̀ ló gbé e kúrò nílé. Lónìí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ń lọ́ mọ́ àwọ̀n apẹja. Òṣíbàtà náà ń gbilẹ̀, àmọ́ inú ẹrẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò sí. Ẹni tó gbìn ín sínú abọ́ ti pààlà fún un.

Ìgbìn àti ìtọ́jú. Láti Ẹrẹ́nà sí Èbìbí ni kí a gbìn ín. Abọ́ ìfọṣọ àtijọ́ tí kò jò, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ti tó. Kò sídìí láti ra ìkòkò olówó ńlá. Amọ̀ lásán ni kí a bù sí i, nítorí ilẹ̀dú máa ń léfòó, ìgbẹ́ ẹran tútù sì ń ba omi jẹ́. Ri iṣu ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí èéhù yọjú, da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó, kí omi ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 lórí rẹ̀. Bí ewé bá ti ń gùn, máa bu omi kún un títí dé 30. Ó kéré tán, kí oòrùn pa á fún wákàtí 6 lójúmọ́. Já ewé tó bá pọ́n dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti Bélú dé Èrèlé, ọyẹ́ á máa fa omi rẹ̀: omi òjò tí a gbè pa mọ́ ni kí a fi dí i, kì í ṣe omi ọṣẹ. Lẹ́yìn ọdún 2 tàbí 3, pín ìdí rẹ̀ ní Ẹrẹ́nà.

Ìtànná. Alẹ́ ló ń ṣí. Ó ń padé kí ọ̀sán tó pọ́n.

Èsì fún àwọn tó ń kọminú. Wọ́n ní yóò kó ẹ̀fọn wọlé. Òótọ́ ni pé ẹ̀fọn ń yé sínú omi tó dúró, ṣùgbọ́n ẹja wẹ́wẹ́ 2 tàbí 3 á máa jẹ ìdin rẹ̀. Ti ọmọ kékeré tó lè rì sómi ló lágbára jù: níbi tí ọmọ tó ń rá bá wà, kí a fi àwọ̀n irin líle bo abọ́ náà pinpin, tàbí kí a dúró dìgbà tó bá dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn, kó tọrọ ìdí 1 lọ́wọ́ ẹni tó ni etídò, kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Bí a bá tu gbogbo rẹ̀ nítorí ọgbà, a ti ṣe odò ní ibi tí àlejò ṣe é.