Kí Ẹ Tó Gbé Láptọ́ọ̀pù Lọ Sọ́dọ̀ Oníṣẹ́

Màmá jókòó sí pálọ̀ l'Ágége, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ́nù ń fi ọmọ tuntun hàn án lórí láptọ́ọ̀pù. Lójijì, àwòrán dúró gbagidi. Wi-Fi ti já, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín wákàtí kan. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí Computer Village n'Íkẹjà. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ wádìí nílé.

Ẹ mú fóònù tó ń lo Wi-Fi ilé yín, kí ẹ sì pa dátà tirẹ̀. Bí Wi-Fi bá já lórí fóònù náà, láptọ́ọ̀pù kọ́ ló ṣẹ̀. Ẹ wò ó bóyá dátà ráútà ti tán.

Ẹ tún kíyè sí iná. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ráútà á kú kí jẹnẹrétọ̀ tó dé. Bó bá sì tàn padà, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, kì í kú; ìdí nìyẹn tí a fi ń rò pé òun ló bàjẹ́. Wọ́n ń ta bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà. Ẹ rí i pé agbára iná rẹ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sára ráútà yín mu.

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù nìkan ló ń já, ẹ gbé e sún mọ́ ráútà. Bó bá dúró dáadáa níbẹ̀, ògiri ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ gbé ráútà sókè, sí àárín ilé, kúrò lẹ́yìn fíríìjì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ gbóná nínú máíkírówéèfù ló ń já, ẹ yan 5 GHz bí ráútà yín bá ní in, nítorí pé máíkírówéèfù máa ń da 2.4 GHz láàmú. Àmọ́ 5 GHz kì í la ògiri já tó 2.4.

Bó bá ṣì ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ẹ ní kí ọmọ yín pa orúkọ Wi-Fi náà rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, kó sì tún páswọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ̀. Lórí Windows, kó wọ Device Manager, kó wá ẹ̀rọ Wi-Fi níbẹ̀, kó sì yọ àmì tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pa á láti fi tọ́jú bátìrì.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da fọ́tò àti ìwé yín kọ sí ibòmíràn, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní páswọ́ọ̀dù báńkì yín. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.